Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Eré Nípa Ọmọbìnrin Onítìjú

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ní eré orí ìtàgé. Bí ẹnìkan bá ti ní òun fẹ́ kọ eré nípa ọmọbìnrin tó ń bàlágà, oyún, ọ̀rẹ́ burúkú àti pásítọ̀ tó ń lé ẹ̀mí jáde ló máa ń kó wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ gbogbo ìyẹn kúrò. Ọmọ ọdún 14 tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí tí àlejò bá wọlé, eré ti wà níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun kékeré kan tí ọmọ náà kò fẹ́ ṣe. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kò fẹ́ bá ìyá rẹ̀ lọ sí Ojúde Ọba. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, regbérégbé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, á máa jó lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ìyá sì ti rán aṣọ fún un. Ẹ ò nílò ọ̀tá kankan mọ́. Ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, tó fẹ́ kí ayé rí i, ti tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá iṣẹ́ fún ọwọ́ wọn. Ibí ni mo máa ń pẹ́ sí jù. Onítìjú kì í dìde dúró kó ní “Ojú ń tì mí, ẹ̀dùn ọkàn bá mi.” Ẹ jẹ́ kó máa rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà ń yún ni lọ́wọ́, kò lè fọwọ́ nu ojú, kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá á wá bi í látẹ̀yìn:

“Ṣé o ti wọ búláòsì yẹn wò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ṣé ó bá ẹ mu?”

Ó ń rin ewùrà lọ.

“Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ o.”

“Ó fún mi láyà, mà.”

Kí ìyá má dáhùn kíákíá. Kí àwọn èèyàn gbọ́ ìró ewùrà lára páànù fún ìgbà díẹ̀, torí nígbà náà ni ìyá ń rí i pé ọmọ òun ti dàgbà.

Bí ìyá àgbà bá wà nínú eré yín, èdè Ìjẹ̀bú ni kó sọ. Ẹ má tún un ṣe fún un.

Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà tó bẹ̀rẹ̀ eré ní 1944, máa ń fi orin àti ijó ṣíde, ó sì dùn. Eré tiwa yìí kò nílò ìlù, ìlù á bo ohùn ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e sún mọ́ iwájú ìtàgé dípò kí ẹ ní kó pariwo.

Ní ìparí, ẹ má sọ ọ́ di ẹlẹ́nu púpọ̀. Kó fúnra rẹ̀ gbé búláòsì lọ sọ́dọ̀ télọ̀, kó sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n tú. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ojúde Ọba gan-an kò gbọ́dọ̀ hàn, ẹṣin àti aṣọ olówó iyebíye á gba eré mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́.

Kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún ìyá kan kà, kí ẹ sì fún ọmọbìnrin kan kà lọ́tọ̀. Bí ìyá bá ní ìyá inú eré burú jù, tàbí tí ọmọ ní ọmọ inú rẹ̀ gọ̀, ẹ padà lọ tún apá ẹni yẹn kọ.