Ẹ Ri Sẹ́ńsọ̀ Dé Ibi Gbòǹgbò: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ Àkùrọ̀

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, tòmátì tó ti ń so jẹrà láti gbòǹgbò nínú àwọn àkùrọ̀ kan tí mo bẹ̀ wò. Ọ̀dá kọ́ ló pa á, omi àpọ̀jù ni. Bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn tó ni oko náà ló ní sẹ́ńsọ̀ tó ń díwọ̀n omi inú ilẹ̀. Mo fa ọ̀kan yọ: kò wọlẹ̀ ju ìka ọwọ́ kan lọ.

Òkè ebè ni wọ́n ń wọ̀n! Ọyẹ́ àti oòrùn ọ̀sán á gbẹ òkè ebè kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìsàlẹ̀ á sì tutù síbẹ̀. Ẹ̀rọ á ní ilẹ̀ ti gbẹ, ẹ̀yin á tan pọ́ǹpù, epo á jó, gbòǹgbò á máa rà sínú omi.

Fún tòmátì àti ata, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ni kí ẹ ri í dé. Fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, 10. Ẹ gbẹ́ ihò ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ìdí ohun tí ẹ gbìn, kí ẹ fi sẹ́ńsọ̀ gún ẹ̀gbẹ́ ihò náà ní ìbú, níbi tí ọkọ́ ò tíì tú. Ẹ má kàn jù ú sínú ihò kí ẹ da iyẹ̀pẹ̀ lé e. Bí àlàfo bá wà lára rẹ̀, irọ́ ni yóò máa pa. Kí ẹ tó rì í, ẹ fi ọ̀dà èékánná kun orí rẹ̀ níbi tí wáyà ti wọlé, lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ dáadáa. Ó di wákàtí 24 kí ẹ tó gba ohun tó bá sọ gbọ́.

Èyí tó rí pẹlẹbẹ ni kí ẹ rà. Ẹlẹ́sẹ̀ irin méjì kì í tọ́jọ́, ìpẹtà á jẹ ẹ́.

Ẹ má sì yá nọ́ńbà tí sẹ́ńsọ̀ oko ẹlòmíràn fi hàn lò. Amọ̀ kì í mu omi bí iyanrìn. Ẹ bomi rin ebè yín kó yó, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ 3, ẹ ri sẹ́ńsọ̀ sínú rẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbẹ ni nọ́ńbà pẹlẹbẹ yìí ń ga. Bí tútù bá jẹ́ 320, tí gbígbẹ jẹ́ 500, ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 180. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 45. Ẹ fi í kún 320 ti tútù: ó di 365 kí ẹ tó tan pọ́ǹpù. Bí ó bá ṣì wà ní 340, kódà kí òkè ebè funfun bí eérú, ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀.

Ewé tó rọ lọ́sàn-án gangan, tó tún nà ró kó tó di ìrọ̀lẹ́, oòrùn ló mú un, kì í ṣe òùngbẹ. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ máa ka nọ́ńbà, lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé.