Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Jọ́jímẹ́ǹtì Kóòtù ECOWAS Tún Òfin Nàìjíríà Ṣe

Kéèyàn fi jọ́jímẹ́ǹtì Kóòtù ECOWAS, ìyẹn kóòtù àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní káwọn aṣòfin tún òfin wa ṣe ò le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀, àṣìṣe méjì péré ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú, mo sì ti rí i lọ́wọ́ àwọn lọ́yà kékeré àtàwọn òṣìṣẹ́ NGO ní Yaba débi pé inú máa ń bí mi, torí ẹ̀tọ́ aráàlú ló wà nídìí ẹ̀.

Ẹ wa jọ́jímẹ́ǹtì náà wálẹ̀ lórí sáìtì kóòtù fúnra ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má gbára lé ohun tí ìwé ìròyìn kọ. Ẹ gbé e lọ Ṣómólú kí wọ́n bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹni tó bá ń kà á lórí fóònù á kàn máa fò ó ni. Báírò méjì: pupa fún àṣẹ tí kóòtù pa, búlúù fún ìdí ẹ̀. Ẹ wo ọdún ẹ̀ náà o. Oníṣòwò kan pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ torí pé wọ́n ti bọ́dà wa pẹ̀lú Kùtọnu, ní 2004 kóòtù ní àwọn ò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo, 2005 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn yẹn.

Àdéhùn tí Nàìjíríà bá àwọn orílẹ̀-èdè míì ṣe kì í di òfin lọ́dọ̀ wa àfi táwọn aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin, sẹ́ṣọ̀n 12 Kọnsitiṣọ́ọ̀nù ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ṣe ti African Charter, àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà, láti 1983, Supreme Court sì sọ nínú ẹjọ́ Abacha àti Fawehinmi ní 2000 pé ó lágbára ju òfin lásán lọ, àmọ́ kò ga ju Kọnsitiṣọ́ọ̀nù. Ẹ kọ ìyẹn sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé tẹ́ ẹ máa fún àwọn aṣòfin.

Ibi tó le nìyí. Àwọn èèyàn á ní "kóòtù ti pa sẹ́ṣọ̀n 24 Cybercrime Act rẹ́", ìyẹn òfin wa lórí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Rárá o! Kóòtù ECOWAS kì í pa òfin wa rẹ́, ohun tó máa ń sọ ni pé orílẹ̀-èdè yìí ti rú àdéhùn, kó lọ tún un ṣe, tí wọn ò bá sì tíì tún un ṣe, òfin yẹn ṣì wà nínú ìwé, ọlọ́pàá ṣì lè fi mú èèyàn. Àṣìṣe kejì burú jù ú lọ: apá tó pọ̀ nínú jọ́jímẹ́ǹtì, àròyé ẹni tó pẹjọ́ àti èsì ìjọba ni, àwọn èèyàn á wá da ọ̀rọ̀ lọ́yà olùpẹjọ́ kọ, wọ́n á ní adájọ́ ló sọ ọ́. Aṣòfin tó bá ní lọ́yà gidi lẹ́yìn á já a láàárín ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ yín ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ ra ẹ̀sásáìsì búùkù, ẹ ò nílò Excel, ẹ fa ìlà sí ọ̀nà mẹ́ta: ọ̀rọ̀ inú òfin wa, àtíkù inú àdéhùn tó tako, àti nọ́ńbà ìpínrọ̀ tí adájọ́ fúnra ẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀nà kẹta bá ṣófo, ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ fi sẹ́ṣọ̀n 24 yẹn dán an wò. Òfin 2015 ka irọ́ tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi ránṣẹ́ láti bí ẹlòmíì nínú, láti ni í lára, tàbí láti fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀, owó ìtanràn ẹ̀ lè tó mílíọ̀nù méje náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Kóòtù sọ ọ́ ní 10 July 2020, ó tún un sọ ní 25 March 2022 nínú ẹjọ́ tí SERAP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, pè, pé ó tako àtíkù 9 Charter. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2024, wọn ò yọ gbogbo sẹ́ṣọ̀n náà, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n yọ, wọ́n wá fi àwòrán ìṣekúṣe sílẹ̀, àti irọ́ tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa láti da ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu. Lójú tèmi, "dídá ìlú rú" yẹn ṣì gbòòrò jù, torí náà ẹ tún gbé ọ̀rọ̀ tuntun gba ọ̀nà mẹ́ta yẹn kọjá.

Tó bá jẹ́ òfin ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ní Aláùsá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Tó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, Ábújá ni, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Attorney-General ìjọba àpapọ̀, òun ni Nàìjíríà yàn láti gba àṣẹ kóòtù náà. Àwọn ìpínrọ̀ tẹ́ ẹ fi báírò sí ni kó wà níwájú, odidi jọ́jímẹ́ǹtì á tẹ̀lé e lẹ́yìn.