Bí mo ṣe nu ìbọn 1911 mi, tí irin kékeré kan bá mi ṣeré bojúbojú

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí ìyàwó mi ti ń ròyìn ọ̀rọ̀ yìí káàkiri, tiẹ̀ sì ti ń dùn ju bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí lásán ni o. Mo bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, nígbà tí mo máa fi parí aago méjì ọ̀sán ti kọjá, mo ti ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, mo ti ki ọwọ́ bọ bàtà gbogbo ará ilé, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga ìjókòó bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, gbogbo ẹ̀ nítorí irin kan tí ò gùn ju oríkèé ìka kan lọ.

Mo fẹ́ràn ìbọn ìléwọ́, kí n tètè sọ ọ́. Kì í ṣe ìbọn ọdẹ, mi ò yìnbọn lu ẹran rí, kò sì wù mí. Páálí tí wọ́n ya òbìrìkìtì sí lára ni mò ń yìn. Tí mo bá sọ pé nǹkan tí mo fi ń gbafẹ́ nìyẹn, àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù á ní "ta lo fẹ́ pa?" Ẹ dákun, ta ló ń bi ẹni tó ń kó aago ọwọ́ jọ pé ibo ló ń kánjú lọ? Ọ̀rẹ́ mi kan ní aago mọ́kànlá, kì í sì í tètè dé ibì kankan.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi máa ń tètè yé jù ni ẹni tó ń fi ìwọ̀ pa ẹja, torí tiẹ̀ náà, jíjókòó ló pọ̀ nínú ẹ̀, ẹja fúnra ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Tèmi náà, ọta àádọ́ta tí mo bá yìn ò lè gbà mí ní wákàtí kan, ìyókù ni ṣíṣí kọ́kọ́rọ́, gbígbé e lọ, gbígbé e bọ̀, nínù, fífi òróró sí i, títì í pa padà. Ẹni tí ò bá fẹ́ràn ìnùnkan, kó má wulẹ̀ dá a dáwọ́lé, kó jókòó kó máa wo bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà dáa.

Èyí tí mo fẹ́ nù lọ́jọ́ náà ni 1911 mi. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n, John Browning ló ṣe é, ará Amẹ́ríkà ni, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì gbà á lọ́dún 1911, ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n tó gbà á, wọ́n yin ọta 6,000 láti inú ìbọn kan ṣoṣo, tó bá gbóná jù wọ́n á rì í bọ omi, wọ́n á tún máa yìn ín lọ, kò sì há lẹ́ẹ̀kan. Ọdún 1985 ni wọ́n tó fi ìbọn Beretta rọ́pò ẹ̀. Irin ni láti òkè délẹ̀, ó lé ní kílò kan kó tó di pé ẹ ki ọta sí i, méje péré sì ni mágásìn ẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ń to ọta sí, ń gbà. Méje! Àwọn ìbọn ayé ìsinsìnyí ń gba mẹ́tàdínlógún, wọ́n sì fúyẹ́, wọn ò sì níyọnu. Mo mọ̀. Mo ní ọ̀kan nínú wọn náà. Òun ni mo máa ń yìn dáadáa jù, 1911 ni mo máa ń fẹ́ gbé jáde, ẹ má bi mí léèrè ìdí, ẹ ti rí ẹni tó ní mọ́tò tuntun tó jẹ́ pé èyí tó ń bà jẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń nu lójoojúmọ́.

Ó yá, iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ kó gbogbo ọta kúrò nínú yàrá, gbogbo ẹ̀ pátá, mo tì í mọ́ ibòmíràn. Mo yọ mágásìn, mo fa sìláìdì, irin òkè ìbọn tó ń lọ tó ń bọ̀, sẹ́yìn, mo yọjú wo ihò ọta, mo tún ki ọmọńdinrín bọ̀ ọ́ torí ojú máa ń parọ́. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mo ti wò ó kí n tó kúrò níbi ìyìnbọn, mo wò ó kí n tó tì í mọ́ àpótí, síbẹ̀ mo tún wò ó. Jeff Cooper tó kọ́ àìmọye èèyàn ní ìbọn ìléwọ́ ló mú òfin yẹn gbilẹ̀: ní ti tìẹ, gbogbo ìbọn ló lọ́ta nínú nígbà gbogbo. Ìyàwó mi ní bí mo bá ń yẹ gáàsì ìdáná wò báyẹn, ọkàn òun ì bá balẹ̀. Mi ò dá a lóhùn.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Lábẹ́ ẹnu ọ̀pá 1911, sípíríǹgì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fún mọ́lẹ̀ gan-an, irin kékeré kan tó dà bí ife tí wọ́n dojú ẹ̀ dé ló dé e lórí. Irin mìíràn tí wọ́n ń pè ní búṣíǹgì ló di òun náà mú. Tí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí yẹn wọlé, ẹ máa yí búṣíǹgì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó wá rọra, mo ní ẹ ó RỌRA jẹ́ kí sípíríǹgì tì í jáde sí yín lọ́wọ́. Mo ti ṣe é bíi igba ìgbà. Mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, mo máa ń wọ awò ojú torí ó lè bá èèyàn lójú. Lọ́jọ́ náà mo wọ awò, mi ò fọwọ́ bò ó, torí fóònù mi dún, mo sì yíjú wò ó. Ẹ mọ nǹkan tó wà lórí fóònù náà? Ẹnì kan fi fọ́tò ajá ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ni. Àtàǹpàkò mi yọ̀, mo gbọ́ "píìn!", ó ba àjà, mo tún gbọ́ "tà" kan lápá ibi fèrèsé, ó tán. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Sípíríǹgì wà lẹ́sẹ̀ mi níbí, ìdérí ẹ̀ ti bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wákàtí kan àkọ́kọ́, mo fi ọgbọ́n wá a. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo gbé e lélẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ lè máa gba ilẹ̀ lọ tí nǹkan tó bá yọrí á fi ní òjìji, ọgbọ́n yẹn dáa gan-an, mo fi rí bọ́tìnnì méjì, abẹ́rẹ́ kan, àti ìdérí bírò mẹ́ta. Mo so mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ igi, mo fà á gba abẹ́ gbogbo àga. Mo rí kọ́kọ́rọ́ tá a ti ń wá láti ọdún tó kọjá, tí mo ti fi ẹ̀sùn ẹ̀ kan àwọn ọmọ. (Mo ti bẹ̀ wọ́n.) Mo kọjú sí kọ́tìnì, mò ń gbọn ìṣẹ́po ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni mo ti rántí Gaston Glock, bàbá tó ṣe ìbọn Glock, tí mo sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ò mọ̀ pé kí bàbá yẹn tó ṣe ìbọn, ilé iṣẹ́ ẹ̀ máa ń ṣe ọ̀pá tí wọ́n fi ń fi kọ́tìnì kọ́? Ará Austria ni, kò ṣe ìbọn rí láyé ẹ̀, ó wá lọ ṣe èyí tó fi ike ṣe ara ẹ̀, àwọn ọmọ ogun ìlú ẹ̀ sì gbà á lọ́dún 1982. Glock ò sì ní búṣíǹgì. Tí ẹ bá tú u, sípíríǹgì ẹ̀ á jókòó síbi tẹ́ ẹ fi í sí bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Èmi wá rèé, ẹni tó ń fi ìṣe Browning yangàn, mò ń túlé kiri lábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ oníkọ́tìnì.

Wákàtí kejì, ọgbọ́n tán, ìbínú ló kù. Ìyàwó mi ní kí n fi í sílẹ̀, kí n nu ìyókù ná, tí mi ò bá wá a mọ́ ó máa yọjú. Irú ìmọ̀ràn tó máa ń dun èèyàn nìyẹn, torí òótọ́ ni. Mo padà sórí tábìlì.

Ó yẹ kí n sọ pé ìnùnkan yìí fúnra ẹ̀ dùn mọ́ mi. Mo ti slide stop, irin kékeré tó di sìláìdì mú mọ́ ara ìbọn, jáde, mo fa sìláìdì kúrò níwájú, mo yọ ọ̀pá ìbọn. Mo ki búrọ́ọ̀ṣì onídẹ gba ẹ̀yìn ọ̀pá, kì í ṣe gba ẹnu, torí ẹnu yẹn ni ọta ń fi kẹ́yìn kó tó lọ, tí ẹ bá ha á níbẹ̀ ọta ò ní lọ tààrà mọ́. Mo fi aṣọ pélébé tẹ̀ lé e, àkọ́kọ́ jáde dúdú bí ìdí ìkòkò, èkejì dúdú, ìkẹta àwọ̀ eérú, nígbà tó di ìkẹfà ó ti ń funfun. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ gbogbo kọ̀rọ̀. Òróró, díẹ̀ ni mo fi sí i, ẹ̀kán kan kan síbi tí irin ti ń ha irin. Àwọn èèyàn máa ń da òróró síbọn bí ẹni ń dín nǹkan, eruku á wá lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á ní ìbọn ò dáa. Mo ti wọ ìbọ̀wọ́ látìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo sì bọ́ ọ mo ṣì fọ ọwọ́ dáadáa pẹ̀lú ọṣẹ kí n tó fọwọ́ kan ẹnu tàbí ọmọ ẹnikẹ́ni, torí òjé ń bẹ nínú ìdọ̀tí yẹn, kì í sì í ṣe ẹran ara ẹnikẹ́ni lóore.

Nígbà tí mò ń nù ún lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ fíìmù wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹ ti rí i, ẹni tó na ìbọn síni fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tó ìgbà tó fẹ́ halẹ̀, ó wá fa sìláìdì sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ló ń ki ọta wọ ihò. Kí ló wá ń fi halẹ̀ látẹ̀ẹ̀kan? Èyí tó tún máa ń bí mi nínú ni ti ìró. Wọ́n á yìnbọn nínú yàrá, wọ́n á tún máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ. Ìró ìbọn ìléwọ́ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) 150 lọ, 140 ti tó láti ba etí jẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní silencer gan-an, tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ìbọn kí ìró ẹ̀ lè dínkù, bíi 20 sí 35 ló ń yọ kúrò níbẹ̀, ẹ fúnra yín ẹ ṣírò. Ìyàwó mi ò fẹ́ bá mi wo fíìmù mọ́, ó ní mo dà bí dókítà tó ń bá àwọn tó ń ṣe eré ilé ìwòsàn jà.

Ọ̀rọ̀ etí yìí ló sì yanjú ẹ̀. Ìyàwó mi fa vacuum jáde láti yàrá kejì. Mo fò dìde, mo ní jọ̀ọ́, má gbé e débí, ó máa gbé e mì! Ó ní òun ò débí, yàrá tòun lòun fẹ́ gbá, ṣé mo fẹ́ kóun máa gbé nínú ẹrẹ̀ nítorí irin ni. Ó tan án. Ariwo vacuum wa, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ n sọ. Mo nawọ́ sí ojú fèrèsé, mo gbé nǹkan tí mo fi ń bo etí níbi ìyìnbọn, èyí tó dà bíi headphone, tó ti wà níbẹ̀ tó la ẹnu sókè láti àárọ̀, mo gbé e wọ̀. Nǹkan tútù kan bọ́ sí mi létí ọ̀tún.

Mi ò pariwo. Mo jókòó, mo yọ ọ́, mo wò ó. Òun ni. Wákàtí méjì àti ààbọ̀, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bíi ìgbà ogún, mo tiẹ̀ ti fi ọwọ́ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè gbọn kọ́tìnì.

Mo wá fẹ́ yára tò ó padà, ìyẹn sì ni àṣìṣe kejì. Tí ẹ bá ń tò 1911, slide stop gbọ́dọ̀ gba inú ihò irin kékeré kan tó so mọ́ ìdí ọ̀pá, ó gbọ́dọ̀ tún fo orí píìnì kan tó ní sípíríǹgì lẹ́yìn. Tí ẹ bá fi agídí tì í, á yọ̀, á sì fi ẹnu ẹ̀ ya ìlà roboto sí ara ìbọn. Àwa tá a ní i mọ orúkọ ìlà yẹn: àpá òmùgọ̀. Ẹni tó bá gbọ́n á fi káàdì tẹ́ ibẹ̀ kó tó tì í. Ìbọn tèmi ti wà lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́sàn-án láìní in, mo sì máa ń wo ti àwọn ẹlòmíì, mo máa ń mi orí.

Ẹ ti mọ ìyókù. Ó yọ̀, mo gbọ́ ọ bó ṣe ha, ara mi bù mááṣọ.

Mo ṣáà tò ó tán. Mo dán gbogbo ẹ̀ wò láìsí ọta: mo ti irin ẹ̀gbẹ́ tó ń dènà kí ìbọn má yìn sókè, tíríga ò ṣiṣẹ́, ó dáa, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo di ìbọn mú láìtẹ irin ìdènà kejì tó wà lẹ́yìn ọwọ́ ẹ̀, kò ṣiṣẹ́, ó dáa, mo tẹ̀ ẹ́, "kà", ó ṣiṣẹ́. Mo nu àmì ìka ọwọ́ kúrò lára ẹ̀, mo gbé e sínú àpótí.

Kí n tó tì í, ìyàwó mi yọjú, ó ní ṣé o ti rí i, mo ní mo ti rí i. Ó tẹ̀ ba, ó wo ìbọn náà dáadáa, ẹni tí kì í wò ó rí o, ó wá fi ìka tọ́ka, ó ní, "Ìlà yìí, ṣé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo ní ó ti pẹ́ níbẹ̀.