Bí Agbanisíṣẹ́ Ṣe Lè Gba Òṣìṣẹ́ ní Jámánì Láìtẹ Òfin Lójú

Ẹni tó bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́ ní Jámánì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ó rọrùn láti gba ènìyàn síṣẹ́ níbẹ̀ ju kí a gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, àti pé òfin wọn ń wo ohun tó wà lákọsílẹ̀ fínnífínní.

Láti orí ìpolówó iṣẹ́ ni ìṣọ́ra ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin ìdọ́gba ọdún 2006 kò fàyè gba kí a yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ọjọ́ orí, àìlera ara, tàbí nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ìdí nìyí tí àwọn lẹ́tà m/w/d, ìyẹn ọkùnrin, obìnrin, tàbí ẹni tí kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, fi máa ń tẹ̀lé orúkọ iṣẹ́ nínú ìpolówó wọn. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ọ̀dọ́ ni ẹ ń wá, nítorí gbólóhùn yẹn nìkan lè gbé yín dé ilé ẹjọ́.

Ẹ gba nọ́ńbà ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ Bundesagentur für Arbeit, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́, kí ẹ sì forúkọ òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ adójútòfò ìlera tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, owó iṣẹ́ wákàtí kan kò gbọdọ̀ dín sí yúrò 13.90. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ogúnjọ́ lọ́dún, ó kéré tán.

Bí iṣẹ́ náà bá ní gbèdéke ọjọ́ tí yóò parí, kí ẹ̀yin àti òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí bébà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Bí ó bá fi lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan péré kí ẹ tó fọwọ́ sí i, gbèdéke yẹn lè di òfo, kí ó sì di òṣìṣẹ́ tí kò lọ́jọ́ ìparí.

Ìgbà ìdánwò kò gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́fà, ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sì tó láti pínyà nígbà náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju mẹ́wàá lọ gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin gbà kí ó tó lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn: ìwà rẹ̀, ipò tí òun fúnra rẹ̀ wà, tàbí ohun tó dé bá ilé iṣẹ́.

Lójú tèmi, ibí yìí ló gba ìṣọ́ra jù. Bébà tí ẹni tó láṣẹ fi gègé fọwọ́ sí ni ìwé tí a fi ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́. Òfin kò ka ímeèlì àti WhatsApp sí. Ẹ fi rán ẹni tó ti kà á kó tó wọnú àpòòwé, kí ó jù ú sínú àpótí lẹ́tà òṣìṣẹ́ náà, kí ó sì kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí ìwé bá ti dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ni a ti ń ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òfin fún un láti pẹjọ́ bó bá fẹ́. Bí ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ bá sì wà, tí òfin gbà kí wọ́n yàn níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó márùn-ún, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, asán ni ìwé náà, bó ti wù kí ìdí yín lágbára tó.