Hun ún, Wọ̀n ọ́n, Tú u: Bí Mo Ṣe Ń Gbé Iṣẹ́ Kroṣé Tèmi Kalẹ̀

Bí ẹ bá ti mọ ṣéènì, síńgù àti dọ́bù, ìyẹn àwọn ojú híhun ìpìlẹ̀, ṣe lórí kroṣé (híhun òwú pẹ̀lú píìnì kan tó ní ìkọ́ lẹ́nu), ẹ ti tó ẹni tó lè dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé ẹni tó ń kọ pátánì (ìlànà bí a ṣe máa hun nǹkan) ti rí fìlà tó fẹ́ hun tán lójú ọkàn kó tó mú òwú rárá. Èmi kò tíì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo máa ń rí ni ẹni tó hun díẹ̀, tó gbé téèpù lé e, tó mi orí, tó tú u, tó sì tún un hun. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyẹn, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Kroṣé ni mo ń ṣe ju nítìn (híhun pẹ̀lú píìnì gígùn méjì) lọ, ẹ ó sì rí i nínú ọ̀rọ̀ mi. Fún ẹni tó ń dán nǹkan wò, kroṣé ló rọrùn jù. Ojú òwú kan ṣoṣo ló ń ṣí sílẹ̀ lórí píìnì. Ẹ yọ píìnì, ẹ fa òwú, yóò máa tú bọ̀; ẹ dúró níbi tó wù yín, ẹ ti píìnì bọ ojú tó kù, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Nítìn kò gba gbẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ojú tó wà ní ìlà kan ló wà lórí píìnì pa pọ̀, bí ẹ bá sì yọ píìnì, wọ́n lè máa sá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí ẹ bá ti dé ibi tí kò dá yín lójú nínú nítìn, ẹ mú òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ fà á gba inú gbogbo ojú tó wà lórí píìnì kọjá, kí ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Bí ohun tí ẹ dán wò kò bá dára, ẹ tú u. Tó bá dé ibi òwú yẹn, yóò dúró.

Ẹ má fi òwú dúdú dán nǹkan wò. Ẹ kò ní rí ojú tí ẹ ń kà, pàápàá lálẹ́. Ẹ má sì lo òwú onírun bíi mohair, torí irun rẹ̀ máa ń so mọ́ra wọn, tí ẹ bá sì fẹ́ tú u, ẹ̀ ń bá a jà ni. Òwú tó dán, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí kò tẹ́ẹ́rẹ́ jù, òun ni mo ń lò títí iṣẹ́ á fi dúró. Lẹ́yìn náà ni mo tó ń mú òwú gidi tí mo ní lọ́kàn.

Ègé ìdánwò

Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn apá yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é. Ẹ hun ègé kan tí igun rẹ̀ dọ́gba, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 15, pẹ̀lú òwú àti píìnì tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe máa fọ iṣẹ́ náà tó bá parí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ. Ìgbà tó bá gbẹ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, àárín rẹ̀ ni kí ẹ sì wọ̀n: ojú mélòó ló wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú, ìlà mélòó ló wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 ní òró. Etí ègé máa ń purọ́, òun ló jẹ́ kí n sọ pé kó tó 15.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi ń wọ̀n ọ́n, kí n tó fọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn tí mo bá fọ̀ ọ́ tán. Irun àgùntàn máa ń tú ara ká lẹ́yìn omi, èyí tí wọ́n sì fi oògùn ṣe kó má baà sún kì nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ lè gùn sí i gidi gan-an. Òwú kọ́tìnì kì í nà kó padà bí irun àgùntàn ṣe ń ṣe. Tó bá ti nà, ó máa ń fẹ́ wà bẹ́ẹ̀ ni. Akíríìlì ní tirẹ̀ kò fẹ́ iná: bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá kàn án, á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ìborùn lè rọ̀ dáadáa. Ẹ dán an wò lórí ègé, kì í ṣe lórí iṣẹ́.

Ọwọ́ yín náà wà nínú ìṣirò yìí. Bí ó bá ti rẹ̀ mí, ọwọ́ mi a máa le, ojú òwú á sì kéré. Nítorí náà n kì í fi ègé tí mo hun láàárọ̀ ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ tí mo ń hun lóru.

Fìlà elétí ológbò

Fìlà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó kéré, bí kò bá dára ẹ ó tètè mọ̀, bí ẹ bá sì tú u, òwú tí ẹ tú kò pọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní òun fẹ́ èyí tó ní etí ológbò, mi ò sì wá pátánì kankan kiri. Bí mo ṣe ṣe é rèé.

Mo wọn orí rẹ̀, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50. Fìlà gbọ́dọ̀ kéré ju orí lọ díẹ̀ kó tó lè di orí mú, nítorí náà mo yọ 4 kúrò, ó ku 46. Ègé ìdánwò mi, pẹ̀lú píìnì mìlímítà 5.5 àti dọ́bù, fún mi ní ojú 13 àti ìlà 7 nínú sẹ̀ǹtímítà 10. (Dọ́bù tí mo ń sọ ni ti àwọn Amẹ́ríkà, èyí tí ẹ ó ká òwú lé píìnì lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó ti píìnì bọ inú ojú. Bí pátánì bá ti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá, dọ́bù tiwọn ni síńgù àwọn Amẹ́ríkà, ẹ kíyè sí i.) Sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan ní ojú 1.3, 46 lọ́nà 1.3 jẹ́ 59.8. Mo mú 60.

Kí ló dé tí mo mú 60? Tí a bá ń fi dọ́bù hun ohun róbótó láti àárín, ojú 12 la sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa fi 12 kún un ní ìyípo kọ̀ọ̀kan kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ: 12, 24, 36, 48, 60. Tó bá jẹ́ síńgù ni, 6 la máa ń fi kún un. Ìyípo 5 péré, mo ti ní ojú 60. Mo wá wọn òkè fìlà náà láti etí kan dé èkejì gba àárín. Ó yẹ kó tó 46 tí a fi 3.14 pín, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 14.6. Tó bá súnmọ́ ọn, ẹ dáwọ́ fífi ojú kún un dúró, kí ẹ máa hun ojú 60 lọ láìfi kún un, láìyọ kúrò, ògiri fìlà nìyẹn. Mo fẹ́ kí fìlà náà jìn tó sẹ̀ǹtímítà 18 láti àárín òkè dé etí. Òkè ti gba 7, ó ku 11, ìlà 7 sì wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, nítorí náà ìyípo 8 ni mo fi kún un.

Ọmọ kì í jókòó kí a máa wọ fìlà fún un ká máa bọ́ ọ lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan. Bàlúùnù ni mo ń lò. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí téèpù fi ka 50 yípo rẹ̀, mo so ó, mo gbé e ka orí ife, ó di orí ọmọ náà. Ẹ má fi píìnì kàn án o.

Bí òkè fìlà bá ń ṣe ségesège

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Bí òkè fìlà bá ń ká sókè bí abọ́ kó tó yẹ, ojú tí ẹ ń fi kún un kò tó, tàbí kí ọwọ́ yín le jù. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ píìnì sí èyí tó tóbi jù ú lọ ní ìpele kan. Bí ìyẹn kò bá tún un ṣe, ẹ wá fi ojú kún un. Bí etí rẹ̀ bá sì ń ká sókè sódò, tí kò gbà láti tẹ́, ojú ti pọ̀ jù. Ní ọdún 1997, Daina Taimina, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, mọ̀ọ́mọ̀ fi ojú kún kroṣé kọjá bó ṣe yẹ kó lè fi ọwọ́ mú ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní hyperbolic plane (ìrísí tó ń fẹ̀ ká sókè sódò bí etí ewé ẹ̀fọ́), tí ó ṣòro láti fi ìwé pẹlẹbẹ ṣe. Nítorí náà, bí tiyín bá ká sókè sódò, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe fìlà ni. Ẹ fi pamọ́, ó lè di òdòdó.

Bí ohun róbótó bá ń yọ igun, ẹ̀ ń fi ojú kún un ní ibì kan náà ní gbogbo ìyípo. Ẹ sún ibẹ̀ díẹ̀ ní ìyípo tó tẹ̀ lé e, igun á sọnù.

Òfin kan ṣoṣo tí n kì í rú nígbà tí mo bá ń dán nǹkan wò: nǹkan kan ni mo ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá pààrọ̀ píìnì, tí mo pààrọ̀ òwú, tí mo tún dín ojú kù lẹ́ẹ̀kan náà, tí fìlà sì wá dára, mi ò mọ èwo nínú wọn ló ṣe é. Bí kò bá dára náà, mi ò mọ èwo ni kí n dá padà.

Etí ológbò náà gba ìdánwò ju fìlà fúnra rẹ̀ lọ. Mo kọ́kọ́ hun onígun mẹ́ta pẹlẹbẹ, mo rán an mọ́ ọn, ó dojú bolẹ̀ torí òwú náà rọ̀. Mo fi píìnì kékeré hun òmíràn, ó dúró, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn ni èyí tí mo hun yípo, tí inú rẹ̀ ṣófo: síńgù 4 nínú òrùka òwú, kí n máa fi 2 kún un ní ìyípo kọ̀ọ̀kan títí ó fi di 16. Mo tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6, mo sì rán an mọ́ òkè. Kí ẹ tó rán an, ẹ fi píìnì aṣọ há a mọ́ fìlà nígbà tí fìlà wà lórí ẹni, kì í ṣe lórí bàlúùnù, kí ẹ sún sẹ́yìn wò ó. Lórí tábìlì, etí méjèèjì máa ń súnmọ́ra ju bí wọ́n ṣe máa rí lórí lọ, torí fìlà máa ń nà tí a bá dé e.

Nígbà tí ó bá di aṣọ

Súwẹ́tà kò dárí jini bíi fìlà. Ká ní ẹ̀ ń ṣe nítìn, ẹ rò pé ojú 22 ló wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ fẹ́ kí àyà rẹ̀ jẹ́ 100, ẹ sì fi ojú 220 bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ 20 ni ọwọ́ yín ń hun ní tòótọ́, aṣọ náà á jẹ́ 110. Ojú méjì péré ló fa ìyẹn, ẹlòmíì ló sì máa wọ aṣọ náà.

Ẹ má wọn ara nìkan. Ẹ mú aṣọ kan tó bá yín mu jáde látinú àpótí, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ wọn àyà, ejìká, gígùn apá àti ibi tí ọrùn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwọ̀n yẹn ni kí ẹ hun. Aṣọ náà ti yanjú ìṣòro bí ó ṣe yẹ kó fẹ̀ ju ara lọ, ẹ kò ní láti máa méfò. Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà tó ń padà léraléra sí i, kí iye ojú tí ìṣirò fún yín jẹ́ èyí tí iṣẹ́ ọnà náà lè pín dọ́gba. Iṣẹ́ tó ń gba ojú 6 kò ní wọ inú 220 láìṣẹ́kù. Ẹ mú 216 tàbí 222.

Ẹni tó bá ń fi nítìn pẹlẹbẹ (èyí tí iwájú rẹ̀ dán, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní kókó) bẹ̀rẹ̀ ìborùn, kó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ká sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ àti òkè á ká síwájú. Omi àti títẹ́ lè dín in kù, wọn kò lè mú un kúrò. Ẹ fi ìlà díẹ̀ tí wọ́n ń hun nítì (ojú nítìn lásán) ní ìlà iwájú àti ti ẹ̀yìn sí etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má dúró dìgbà tó bá parí.

Ti báàgì kò gùn: okùn rẹ̀ ló máa ń dójú tini. Ẹ hun ún ní òró, kí ìlà gùn láti ẹ̀gbẹ́ kan báàgì dé èkejì, dípò ìlà kúkúrú tí a tò lé ara wọn. Ẹ fi píìnì tó kéré hun ún. Kó tó lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ kó ìwé sínú rẹ̀, ẹ fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá wọ̀n bó ṣe gùn sí.

Òwú mélòó ni kí ẹ rà?

Ègé ìdánwò ló tún máa dáhùn. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10 wúwo tó gíráàmù 6, tí ẹ sì fẹ́ hun kúbùsù 90 sí 120. Irú ègé bẹ́ẹ̀ 108 ló wà nínú rẹ̀. 108 lọ́nà 6 jẹ́ gíráàmù 648. Èmi á ra 750, torí etí wà, ìdánwò wà. Ẹ rà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rí i pé nọ́ńbà ìpara-láró tó wà lára bébà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, torí àwọ̀ kan náà láti inú aró méjì lè yàtọ̀ síra, ìyàtọ̀ náà á sì hàn ketekete ní àárín kúbùsù. Òwú tí ẹ tú tó ti ká wérewère, ẹ ká a sára ẹ̀yìn àga, ẹ so ó níbi mẹ́rin, ẹ rì í sínú omi, ẹ fi kọ́ kó gbẹ. Á tún nà.

Ìwé kékeré aláwọ̀ ewé ni mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: òwú, ìwọ̀n píìnì, iye ojú kí n tó fọ̀ ọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí mo yí padà àti ìdí. Mo máa ń ya fọ́tò ohun tí mo fẹ́ tú kí n tó fà á, pẹ̀lú téèpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò wúlò fún fìlà lónìí lè jẹ́ ìdí báàgì lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ègé ìdánwò fúnra wọn, mo so bébà mọ́ wọn, mo kó wọn sínú ike.

Tí ẹ bá rò pé pátánì yín ti délẹ̀, ẹ kọ ọ́, kí ẹ gbé e fún ẹlòmíì tó mọ kroṣé láti hun, kí ẹ jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ìyẹn ṣòro ju híhun lọ. Ibi tó bá ti dúró, tó wo ìwé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fàlà síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ óò tún kọ.