Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní ní kíka Yorùbá tòun ti àmì ohùn

Tíṣà tó bá fi àmì ohùn sílẹ̀ di kíláàsì kẹrin ti pẹ́ jù. Ó ti mọ́ ọmọ lára láti máa méfò. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni kó ti wà níbẹ̀.

Etí ló ṣáájú. Kí o tó kọ ohunkóhun sí pátákó, máa pe ọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ júwe ohùn rẹ̀: dò, ọwọ́ wálẹ̀, re, ọwọ́ láyà, mí, ọwọ́ lókè orí. Ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ti tó.

Lẹ́yìn náà, mú lẹ́tà 4 péré nínú 25: a, i, b, l. Odidi sílébù ni kí o fi hàn wọ́n: ba, bi, la, li. Bí o bá ní "bí pẹ̀lú a", àwọn kan á máa ka "bí-a".

Gé páálí pélébé-pélébé, kí o kọ sílébù kọ̀ọ̀kan sí i láìfi àmì sí i. Ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ ní ìwọ̀n oríkèé ìka kan; òun ni àmì. To "i" àti "la" pọ̀. Pe "ilá" tí à ń sè lọ́bẹ̀: ọmọ á gbé igi kan lé "la", kí ó gòkè sí apá ọ̀tún. Pe "ilà" ojú: igi kan náà á dà sísàlẹ̀ sí apá ọ̀tún. Pe "ìlà" inú ìwé: igi di méjì. Páálí ò yí padà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti jáde. Ibà, abà, àbá àti àlá ṣì ń bẹ nínú lẹ́tà 4 yìí. Kí ọmọ má ju 5 lọ nídìí páálí kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ni yóò máa tò ó, àwọn yòókù á máa wòran.

Kíkà tẹ̀lé tíṣà ń tan ni jẹ gan-an. Kíláàsì á máa hó yèè, ojú wọn ò sì sí lára pátákó. Máa nawọ́ sí ọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tàbí láti àárín. Ẹni tó há a sórí á dákẹ́.

Má ṣe pín g àti b inú "gb" sórí páálí méjì; lẹ́tà kan ni. Má ṣe kọ́ wọn ní e àti ẹ lọ́jọ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni o àti ọ, s àti ṣ. Sílébù tó jẹ́ n tàbí m nìkan, bíi ti "ògòǹgò", ló kẹ́yìn.

Kí o tó kúrò lórí lẹ́tà 4 àkọ́kọ́, pe ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kó ka ọ̀rọ̀ 10. Bó bá gba 8, ó yá fún gbólóhùn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wo ohun tó ṣì: bó bá jẹ́ lẹ́tà, ẹ padà sídìí páálí; bó bá jẹ́ ohùn, ẹ padà sórí ọwọ́ jíjúwe.