Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Àléfọ́ Ọmọdé Láti Ìdí Kẹ́míkà Tó Ń Mú Un Yún

Ọ̀pọ̀ òbí tó ń tọ́jú ọmọ tó ní àléfọ́ ló ń náwó sórí oògùn tí kò kan kẹ́míkà tó ń mú ara ọmọ náà yún. Bí a bá fẹ́ kí ìtọ́jú so èso, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń lọ lábẹ́ awọ.

Awọ tó dára dà bí ògiri tí a rẹ́ dán, tí kì í jẹ́ kí omi inú jáde tàbí kí ìdọ̀tí ìta wọlé. Lára ọmọ tó ní àléfọ́, ògiri yìí ti sán. Bí eruku tàbí ọṣẹ líle bá ti gba ibẹ̀ wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ yóò tú kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ TSLP jáde, èyí tó ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèjà ara jí. Àwọn wọ̀nyí náà yóò tú àwọn kẹ́míkà tí ń jẹ́ interleukin-4 àti interleukin-13 jáde, tí yóò mú kí ojú ibẹ̀ wú, kí ó sì gbóná, tí yóò sì dín filaggrin kù, ìyẹn púrótéènì tó ń mú òkè awọ dì. Interleukin-31 ní tirẹ̀ máa ń ta iṣan ìmọ̀lára ní tààrà, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí ọmọ máa họra mọ́jú. Bí ó ti ń họra ni awọ ń bó, bí awọ sì ti ń bó ni kẹ́míkà ń tú jáde sí i.

N kò tíì dárúkọ kẹ́míkà tí ń jẹ́ hísítámíìnì. Òun ló ń mú kí ara lé nígbà tí ẹni tí edé kò bá lára mu bá jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ nínú àléfọ́ kéré. Ìdí nìyí tí Piriton, tó ń dènà hísítámíìnì, fi lè mú ọmọ sùn, síbẹ̀ tí awọ rẹ̀ kò ní sàn. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di oògùn ojoojúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ògiri yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ọmọ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, pẹ̀lú ọṣẹ tí kò ní òórùn. Mo mọ iyì tí ọṣẹ dúdú ní lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n eérú tí a fi sè é ń mú un le ju ohun tí awọ tó ti sán lè gbà, kànhìnkànhìn sì ń dá kún un. Ẹ fi aṣọ tó rọ̀ gbé omi ara rẹ̀, ẹ má ṣe fi agbára nù ún. Kí ara tó gbẹ tán ni kí ẹ fi Vaseline tàbí òrí tí kò ní lọ́fínńdà pa á. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ tó, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, ẹ máa tún un pa nígbàkúùgbà tí ara bá gbẹ.

Níbi tó bá ti wú, òrí nìkan kò tó. Ìpara sitẹ́rọ́ìdì tí dókítà bá kọ ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn kẹ́míkà yẹn lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀n tó gùn láti oríkèé ìkẹyìn ìka ìfábẹ̀lá àgbàlagbà dé ṣóńṣó rẹ̀ tó fún ibi tí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà náà méjèèjì lè bò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jìnnà sí ìpara ọjà tí wọ́n po clobetasol, tó jẹ́ sitẹ́rọ́ìdì, mọ́ oògùn mìíràn, nítorí agbára rẹ̀ pọ̀ púpọ̀, ó sì ń mú awọ ọmọdé fẹ́lẹ́.

Lára àwa adúláwọ̀, wíwú yìí kì í sábà pọ́n. Ó lè ṣú, kí ó dà bí eérú, tàbí kí ó yọ kókó wẹ́wẹ́. Nítorí náà, ẹ fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná, bóyá ó rí ṣákaṣàka. Àpá dúdú tó kù lẹ́yìn tí yíyún ti dáwọ́ dúró kì í ṣe àrùn mọ́, kò sì yẹ kí a fi sitẹ́rọ́ìdì ra á.

Fún àléfọ́ tó le, abẹ́rẹ́ dupilumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2017, ń dí ọ̀nà mọ́ interleukin-4 àti interleukin-13. Ó wọ́n gan-an, dókítà awọ ló sì gbọ́dọ̀ pinnu rẹ̀.

Bí ojú ibẹ̀ bá ń ṣomi, tó sì ń dì bí èépá aláwọ̀ ìyeyè, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ẹ mú ọmọ lọ rí dókítà. Bí ó bá ṣe pé iléròrò kéékèèké tó ń dunni ló sú pọ̀, tí ara ọmọ sì gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn.